Aṣọ Tó Kù Nínú Ojú Rírán

Ìṣẹ́tí yunifọ́ọ̀mù ọmọ mi ni mò ń rán lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn náà dé. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé fún sáà tuntun, Àńjọlá sì ti ga ju yunifọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá lọ, ni mo bá gé tuntun fún un, mo sì ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú ní ìka mẹ́rin gbáko. Fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì tàn. Mo rò pé oníbàárà kan ní Arepo tó ti ń dà mí láàmú nítorí gáùn ni, mi ò dá a lóhùn. Ìgbà tí mo rán ìṣẹ́tí dé òpin, tí mo gé òwú, ni mo tó kà á. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ló kọ̀wé. Wọ́n ti gbà mí, láàárín àwọn tó máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé, láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ aṣọ àti ìtọ́jú ilé. Wọ́n ní kí n wá fi orúkọ sílẹ̀ ó pẹ́ tán lọ́jọ́ Jímọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì ló máa gba àyè mi.

Ọjọ́ Túsìdeè la wà. Mo ká yunifọ́ọ̀mù náà, mo gbé e sílẹ̀, mo sì mú gáùn ará Arepo.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Ọdún mẹ́tàdínlógún nínú rẹ̀ ni mo fi rán aṣọ. Àwọn èèyàn máa ń rò pé arúgbó nìkan ló ń fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tèmi ti ń dùn mí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún mi pé bí n kò bá dín ìjókòó kù, ìjókòó á dín mi kù.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́ ní Ìkejà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ìwé náà hàn án. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Àńjọlá, ilé ìwé kẹ̀? Ṣé ìwọ àti ọmọ ẹ lẹ jọ máa gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn ni?"

"Sátidé nìkan ni, Bàbá Àńjọlá."

"Gírájúéètì méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ báyìí tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Wọ́n ti lọ síbi tí ò ń sáré lọ yẹn, wọ́n ti padà dé. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n bá níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀kan nínú wọn ka ètò ọ̀rọ̀ ajé, èkejì ka ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, àwọn méjèèjì ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá" lójoojúmọ́. Mi ò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ronú iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, tí mo bá fẹ́ sọ bí mo ṣe rí èsì náà, àfi kí n sọ iṣẹ́ mi látìbẹ̀rẹ̀.

Ìfọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Síkírátù, tí gbogbo ojúlé mọ̀ sí Ìyá Télọ̀. Màmá mi ní kí n ṣì máa fi ọwọ́ kan nǹkan kí èsì ìdánwò tó jáde. Èsì jáde, ó dáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti wọ aṣọ.

Ọ̀gá mi kò kàwé rárá. Okùn ló fi ń wọn èèyàn. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀ tó so kọ́ sára ìṣó lára ògiri: kókó kan fún èjìká, kókó kan fún àyà, kókó fún ìbàdí. Ó lè wo okùn bí ọgọ́rin kó sì sọ fún ẹ pé, "Èyí ni ti ìyàwó Lèmọ́mù, ó ti lóyún láti ìgbà tí mo ti wọ̀n ọ́n, so kókó àyà yẹn síwájú díẹ̀." Èmi ni mo kọ́kọ́ mú ìwé wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ra téèpù, mo ra ìwé, mo ń kọ orúkọ àti ìwọ̀n síbẹ̀. Ó bá mi jà fún oṣù méjì. Nígbà tó ṣe, eku jẹ okùn mẹ́fà, ó wá bá mi lẹ́bàá máṣíìnì, ó ní, "Fọlákẹ́, kí ni ìwé ẹ yẹn sọ nípa ìyá Ṣàngó-Ọ̀tà?" Láti ìgbà yẹn lọ, èmi ni akọ̀wé rẹ̀.

Máṣíìnì alọ́wọ́ ni mo kọ́kọ́ lò, èyí tí ọwọ́ ọ̀tún ń yí nígbà tí ọwọ́ òsì ń darí aṣọ. Áyọ́ọ̀nù eléèédú la fi ń lọ aṣọ, ẹni tó bá jẹ́ kí eérú kán sórí aṣọ funfun máa fọ aṣọ náà, á sá a, á sì gbààwẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kéré sí ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀gá á gba gbogbo aṣọ tí a rán lọ́sẹ̀ náà, á yí inú wọn síta, á sì fi wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà ti máa rí i. Aṣọ tí inú rẹ̀ mọ́, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín wákàtí kan. Èyí tí òwú ń yọ nínú rẹ̀, tí etí rẹ̀ rí jákujàku, ibẹ̀ ló máa wà. Bùbá àkọ́kọ́ tí mo rán lo ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà á dúró.

"Ìyá Télọ̀, ta ló rán eléyìí? Àbí ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́?"

"Fọlákẹ́ ni o!" Ọ̀gá á dáhùn láti inú ilé, tayọ̀tayọ̀. "Ó wà níbí, ẹ wá kí i!"

Ó máa ń sọ pé ìta aṣọ ni oníbàárà ń sanwó fún, inú aṣọ ni ìwà télọ̀. Láàárín ọdún kan, bí mo bá rí òwú kan ṣoṣo tó yọ nínú aṣọ ẹni tó jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀, ọwọ́ mi á máa yún mi. Ẹ rántí èyí, torí ohun náà ló padà wá ṣe mí.

Ní ọdún kejì, mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Orúkọ mi jáde, lẹ́tà ìgbàwọlé sì dé. Mo mú un lọ fún Ọ̀gá, mo kúnlẹ̀, mo kà á fún un. Obìnrin tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ yẹn ní, "Lọ. Máṣíìnì ò ní gbàgbé ẹ." Èmi ni mi ò lọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kí n dá ẹlòmíì lẹ́bi. Bàbá mi kò ní kí n má lọ. Kò sí ọkùnrin kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mo wo àwọn ẹgbẹ́ mi tó wọ yunifásítì, wọ́n jókòó sílé nítorí ìyanṣẹ́lódì, èmi sì ti ń rán aṣọ ìyàwó. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe? Mo fi lẹ́tà náà sínú àpótí, nígbà tó yá, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ gé pátánì kọ́là.

Mo gba fírídọ́ọ̀mù, mo sin Ọ̀gá mi fún ọdún kan sí i, mo lọ́kọ, a sì kó wá sí Mowe. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ti máa ń kó èrò. Máṣíìnì alẹ́sẹ̀ ni mo gbé wá láti Ìfọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ra èyí tó ń lo iná, èyí tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kàlẹ́ńdà sítáì tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri di ohun ìgbàgbé, oníbàárà á na fóònù sí mi lójú: "Eléyìí gan-an ni mo fẹ́ o, Àǹtí Fọlákẹ́." Ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú fóònù ga bí òpó iná, oníbàárà mi sì sanra bí ìkòkò omi. A máa ń ṣe é bákan ṣá.

Ọ̀dọ̀ obìnrin ará Íńdíà kan ni ìtàn mi yíjú sí. Orúkọ rẹ̀ ni Mínà. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ máníjà ní ilé iṣẹ́ kan lápá Ìbàfò, inú kọ́tà tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì ni wọ́n ń gbé. Bùláọ̀sì péńpé tí wọ́n máa ń wọ̀ sábẹ́ sárì, aṣọ gígùn tí wọ́n ń wé mọ́ ara, ló wá fi bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo rán ọ̀kan, ó wọ̀ ọ́ dáadáa, ló bá kó obìnrin mẹ́ta míì láti kọ́tà náà wá. "Ẹ káàárọ̀" ni gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀, bó bá dé láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, "Ẹ káàárọ̀" náà ni; Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ ìyókù.

Màdámù Mínà ti gboyè méjì nínú ìmọ̀ kẹ́míkà kó tó dé Nàìjíríà. Níbí, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò gbà á láyè láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ka ìwé ọ̀mọ̀wé lọ lórí kọ̀ǹpútà, nípa bí wọ́n ṣe lè yọ aró kúrò nínú omi tí ilé iṣẹ́ aṣọ ń dà nù. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi pín-ìnnì há aṣọ mọ́ ọn lára, ẹnu yún mi.

"Màdámù, ẹ má bínú o. Ìwé yìí pọ̀. Ẹ kà á, ẹ kà á, ẹ tún wá jókòó sí Ìbàfò ẹ ń se ẹ̀wà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Fọlákẹ́, ṣé èyí tí a máa ń sọ fún àlejò lo fẹ́ gbọ́, àbí òótọ́?"

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má mì, pín-ìnnì á gún yín."

Ó ní bàbá òun rán òun lọ yunifásítì kí òun lè rí ọkọ gidi. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, bí ìdílé bá ń wá ìyàwó fún ọmọ wọn, wọn á béèrè oyè tí ọmọbìnrin ní, bí àwa ṣe ń béèrè ilé tí èèyàn ti jáde. "Ìwé ẹ̀rí mi wà lára ẹrù ìyàwó," ló wí.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn ni ti bàbá mi. Ti ìyá mi yàtọ̀." Wọ́n mú ìyá rẹ̀ kúrò nílé ìwé láti lọ fún ọkọ. Nígbà tí ọkọ náà kú, àwọn àbúrò ọkọ gbé ìwé kan wá, ìyá tẹ̀ka sí i láìlè kà á, ibẹ̀ ni ilẹ̀ oko wọn lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá náà ti búra pé kò sí ọmọbìnrin òun tí yóò tẹ̀ka síbi tí kò lè kà.

"Tiyín gan-an ńkọ́, Màdámù?"

Ó ní, "Inú ilé ìwádìí nìkan ni ibi tí ẹnì kankan ò ti bi mí pé ìyàwó ta ni mí." Ló bá na ìka sí mi. "Ṣùgbọ́n má gbé ẹnu mi káàkiri Mowe pé bí gbogbo obìnrin Íńdíà ṣe rí nìyẹn o. A pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Mo bi àwọn mẹ́ta yòókù, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀. Ọ̀kan ní gbogbo kíláàsì òun ló ń lọ, òun náà sì tẹ̀ lé wọn. Ìkejì ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà nílé ìwé, kò sẹ́ni tó lè mú ọkùnrin wá fi ṣe ọkọ fún òun, ìdí nìyẹn tí òun fi gba oyè méjì tẹ̀ léra. Ìkẹta ní ìyá ọkọ òun sọ pé òun kò mọ oúnjẹ sè, òun sì lọ kàwé sí i kó lè jẹ́ òótọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí tí pín-ìnnì fi bọ́ lẹ́nu mi. Ìgbà yẹn, bí ẹni ń gbọ́ ìtàn ìlú òkèèrè ni mo ṣe gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò kàn mí.

Ọdún yẹn ni mo ra máṣíìnì wífìn. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, máṣíìnì tó ń fi òwú di etí aṣọ kó má baà tú ni. Ó ní ọ̀bẹ kékeré kan lẹ́nu: bó ṣe ń rán ló ń gé èyí tó bá yọ kọjá. Ohun tí à ń fi ọwọ́ ṣe ní wákàtí kan ní Ìfọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Inú mi dùn sí i débi pé mo ń wá aṣọ tí màá fi kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, Màdámù Mínà yà ní ṣọ́ọ̀bù, kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó na ọ̀rá kan sí mi láti ojú fèrèsé. Ó ní aṣọ ìyá òun ni, ìyá náà kú lọ́dún yẹn, arábìnrin òun ló fi rán ẹni tó ń bọ̀. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kí n wá wò ó lára òun.

Bùláọ̀sì sílíkì ni, pupa bí obì, wúrà tín-ínrín létí ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìta rẹ̀ dára púpọ̀. Mo yí inú rẹ̀ síta, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìyá Télọ̀. Ojú tì mí fún ẹni tó rán an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti lábẹ́ apá, aṣọ tó kù nínú ojú rírán tó ìka méjì, gbayawu, wọn ò gé e, wọn ò dì í, òwú ń yọ níbi gbogbo. Mo ní ẹ wo iṣẹ́ ọ̀lẹ. Mo ní obìnrin yìí ń ṣọ̀fọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá a tún un ṣe kó tó dé. Mi ò ní gba kọ́bọ̀. Mo tan máṣíìnì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Inú aṣọ náà mọ́ tónítóní, ẹ lè yí i síta kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ lọ sóde.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màdámù Mínà gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, kò wo ìta rẹ̀ rárá. Inú ló ti ọwọ́ bọ̀. Mo rí i tí ìka rẹ̀ ń wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán, ó lọ sókè, ó padà wá sísàlẹ̀.

"Níbo ló wà?"

"Kí ni, Màdámù?"

"Aṣọ tó wà nínú ẹ̀."

"Ah, mo ti bá yín tún un ṣe! Ẹ wò ó bó ṣe mọ́." Ẹ̀rín wà lójú mi.

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ara ì bá tù mí. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọṣẹ́, ó sì ṣàlàyé fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá òun tín-ínrín nígbà tó ṣe ìyàwó. Ó ní ìyá náà fúnra rẹ̀ ló ní kí télọ̀ fi aṣọ sílẹ̀ nínú ẹ̀, ó ní ọmọ tí òun máa bí lè tóbi ju òun lọ. Ó ní àwọn télọ̀ ibẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí wọn ò bá fi nǹkan sílẹ̀ nínú rẹ̀, ahun ló rán an. Ó fẹ́ kí n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè gba òun, nítorí lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ ni òun máa jókòó síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lórí kọ̀ǹpútà láti dáhùn ìbéèrè wọn fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ìyá rẹ̀ ti sọ lórí àìsàn pé aṣọ yẹn ni kó wọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ìyá mi kò rí ìwé kà," ló ní. "Ìka méjì yẹn ló rí fi sílẹ̀ fún mi."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde. Mo ní kí ó fún mi títí di ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Ó wò mí, ó sì fi aṣọ náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́ tàbí ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo wọkọ̀ lọ Ìfọ̀. Ojú Ọ̀gá mi ti ń ṣú nígbà yẹn, kò rán aṣọ mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo rò fún un, mo gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ pé kí o máa gé inú aṣọ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó mi orí. "Hẹ̀n. Èmi náà ni. Iṣẹ́ ilé wa ni mo kọ́ ẹ, mi ò kọ́ ẹ pé kí o máa béèrè tilé onílé. Ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíì, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun." Ó tún tọ́ ọ wò. "Ẹ̀rọ ò mọ aṣọ ìyá, Fọlákẹ́. Ìwọ ló yẹ kó o béèrè. Níbo ni àgékù ẹ̀ wà?"

Àgékù! Inú àpò tí a máa ń kó wọn sí, tí a fi ń ki tìmùtìmù. Mo padà sí Mowe lọ́jọ́ náà, mo da àpò náà sílẹ̀ sáàárín ṣọ́ọ̀bù, mo ń ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo rí gbogbo rẹ̀: mẹ́rin gígùn, méjì kúkúrú. Mo ṣe é bí Ọ̀gá ṣe ní kí n ṣe é: mo to àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà méjì-méjì sórí láìnì, aṣọ tí a fi ń tẹ́ inú, èyí tó lágbára, mo fi ọwọ́ rán wọn pọ̀, abẹ́rẹ́ tó kéré jù tí mo ní, lẹ́yìn náà mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ, mo sì fi wọ́n há ibẹ̀ láti abẹ́ apá dé ìbàdí. Ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tan máṣíìnì kankan. Bó o bá gbé apá sókè, oríkèé rẹ̀ hàn gbangba, ìlà bí àpá ojú ọgbẹ́.

Ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé apá sókè níwájú dígí, ó wo ìlà náà pẹ́. Mo ní, "Màdámù, ó hàn." Ó ní, "Jẹ́ kó hàn." Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: òun rèé níwájú kọ̀ǹpútà, nínú aṣọ pupa, ọ̀mọ̀wé.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ padà sí Íńdíà. Kò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan fún mi nígbà tó ń lọ. Ó fún mi ní sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó kí mi pé "Ẹ káàárọ̀" láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sì lọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìtàn yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń wá ilé ìwé kiri. Mo padà sídìí iṣẹ́. Ohun tó yí padà kò jù pé mo dẹ́kun gígé inú aṣọ láì béèrè. Ní ọdún tó kọjá ni ilé ìwé ìjọba kan nítòsí wa ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ aṣọ. Mo lọ. Ọ̀gá ilé ìwé náà rí iṣẹ́ mi, ó yí inú rẹ̀ síta, ó yìn mí. Ó wá béèrè ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Mi ò ní. Ó bá mi kẹ́dùn, ó gba ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ní ìwé ẹ̀rí, ọmọ dáadáa ni, ó sì máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Jímọ̀ láti wá bi mí bí wọ́n ṣe ń ki bọ́bììnì. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi hàn án ni mo rántí lẹ́tà tí mo fi gé pátánì kọ́là ní Ìfọ̀. Èmi ni mo gé e. Ó mọ́ tónítóní nígbà yẹn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo gba fọ́ọ̀mù.

Lálẹ́ Tọ́sìdeè, mo jókòó ti ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá Àńjọlá, mo ti bi àwọn gírájúéètì méjèèjì bó o ṣe ní kí n bi wọ́n. Ọ̀kan ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Èkejì ní bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ bá kọ̀ lọ́la, òun ní ibòmíì tí òun lè tú. Èmi ò ní ibòmíì tí mo lè tú. Ẹ̀yìn mi ti kọ̀."

Ó jẹ ẹ̀bà iwájú rẹ̀ tán, ó fọwọ́, ó mu omi.

"Aago mélòó ni wọ́n máa ń jáde lọ́jọ́ Sátidé?"

"Aago mẹ́rin."

"Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní ìsìn òru ní Kámpù, má gba ojú títì o. Ọ̀nà á dí. Gba inú." Ó dìde. "Irun Àńjọlá nìkan ni mi ò lè dì."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fi orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn tábìlì pè mí ní "Mà", ó tún wo fọ́ọ̀mù mi, ó ní, "Ṣé ti ọmọ yín ni?" Mo ní tèmi ni. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ló máa di ṣọ́ọ̀bù mú; màá máa gé aṣọ fún wọn, wọn á máa rán an. Mo ti bo máṣíìnì mi.

Nígbà tí mo délé, Àńjọlá ti gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù tuntun lọ́rùn.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà fẹ́ lọ sílé ìwé? Ẹ ti dàgbà! Wọ́n máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo pè é mọ́ra. Mo mú etí yunifọ́ọ̀mù náà, mo yí i síta, mo fi ọwọ́ rẹ̀ kàn án.

"Kí lo bá níbẹ̀?"

"Aṣọ. Ó nípọn."

"Kí ni mo fi sílẹ̀ fún?"

"Kó lè gùn nígbà tí mo bá ga." Ó ronú. "Ẹ máa tú u."

"Mọ́mì náà ní irú ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tú u ni."

Ó wo ìṣẹ́tí, ó wò mí. Ọmọ télọ̀ ni, ó mọ ohun tó ń béèrè.

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá tú u, ojú ibi tó ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ máa ń hàn."

"Ó máa ń hàn," mo sọ fún un. "A sì máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."